Ẹ̀yìn Sẹ́nsè Kanlẹ̀

Kò sí ohun tí Adéróunmú kò lè ta nípàá. Ó ti ta pákó nípàá, pákó fọ́. Ó ti ta àpò iyanrìn nípàá títí àpò fi ya, tí iyanrìn dà kún yàrá, tí Láwùmí ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ tó sì ń bú u. Lọ́jọ́ kan ní Ṣàngó, ó ta ilẹ̀kùn takisí nípàá nítorí pé dẹ́rẹ́bà pe káráàtè ní ijó ọmọdé. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ Adéróunmú wú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé làkúrègbé ni. Gbogbo Àgbowó ló ń pè é ní Sẹ́nsè, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ káráàtè. Kódà àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí Adéróunmú ń lọ, ó gbàgbé ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ó pè é ní Sẹ́nsè lórí àga ìwàásù.

Gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ni wà lẹ́yìn ilé Alhaji Sùlàímọ́nù, níwájú díẹ̀ sí géètì Yunifásítì. Ibi tí Alhaji ń kó sìmẹ́ńtì sí ni tẹ́lẹ̀. Sẹ́nsè fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, òun ló kùn ún, òun náà ló ya ẹkùn sára ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ewúrẹ́ ni. Ọdún mẹ́jọ ló ti lò níbẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ òmíràn. Níbẹ̀ ló ti ń to àwọn ọmọ Yunifásítì sórí ìlà, tí wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pariwo: ọwọ́ kan á lọ síwájú, èkejì á padà wá sí ìbàdí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òógùn á fi máa kán sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nimotallahi bi í lọ́jọ́ kan pé, "Sẹ́nsè, ọwọ́ tó ń lọ síwájú, mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tó ń padà wá sí ìbàdí ńkọ́?" Sẹ́nsè kò mọ̀. Ló bá ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kó máa ṣe púṣọ́ọ̀pù títí orí rẹ̀ á fi pé.

Ọdún 1996 ni John dé. John kò ga, kò sanra, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti rún bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà sì bàjẹ́ sí èbúté kan ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó ní níbẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ òun ní ìjà tí wọ́n ń jà ní ìdùbúlẹ̀. Ó kó àwọn fóòmù pẹlẹbẹ kan dání, ó lọ bá Alhaji pé òun fẹ́ máa fi gbọ̀ngàn kọ́ni nírọ̀lẹ́.

"Ní ìdùbúlẹ̀ kẹ̀?" Sẹ́nsè bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ dùbúlẹ̀ kó máa lọ sílé lọ sùn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

"Sẹ́nsè, ẹ má bínú o," John fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí Sẹ́nsè fi ọdún bíi mélòó kan jù ú lọ. "Tí ẹnì kan bá di ẹsẹ̀ yín mú, tẹ́ ẹ jọ ṣubú, kí lẹ máa ṣe nílẹ̀?"

"Ohun tí mò ń ṣe lórí ìdúró náà ni. Ẹ̀ṣẹ́ lẹ̀ṣẹ́ ń jẹ́, lóòró o, níbùú o!"

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sọ́dọ̀ John, tí wọ́n ń bá a yí gbirigbiri lórí fóòmù lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń padà wá bi Sẹ́nsè ní ìbéèrè tí kò bójú mu. Bí Sẹ́nsè ṣe ń fajú ro, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tó ń tò ń kúrú sí i. Lọ́jọ́ tó rí i pé Nimotallahi náà ti ń yí gbirigbiri, ó bínú débi pé ó gbàgbé ibi tí ó ka ìṣirò dé, ó wá ń ka ẹ̀rin lẹ́yìn ẹ̀jọ.

Òun àti John bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu níwájú ilé Alhaji, òní ejò ọ̀la ejò, títí ó fi sú Alhaji.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Alhaji Sùlàímọ́nù jẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Nígbà èwe rẹ̀, ó ja ìjàkadì, kò sì sí ayálégbé kankan nínú ilé rẹ̀ tí kò mọ ìtàn ará Òkèhò. "Gìrìpá ni! Mo gbá a mú báyìí, mo lọ́ ọ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, gbìì! Ó parí." Ẹni tó bá fẹ́ kí Alhaji tún òrùlé tó ń jò ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ti ará Òkèhò.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ pe ara yín ní oníjà," Alhaji sọ, "ẹnu lẹ wá ń fi jà níwájú ilé mi bí orogún. Ó tó! Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásárì, ẹ máa jà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹni tó bá borí ló ni ín. Èkejì á kó ẹrù rẹ̀ kúrò lágbolé mi. Èmi ni rẹfirí."

Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń pè ní borí. Sẹ́nsè àti John lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n jọ fẹnu kò pé ẹni tí nǹkan bá ká mọ́, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti gbà nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún Alhaji. Àmọ́ ta ló lẹ́nu láti kọ́ ẹni tó dá ará Òkèhò ní ìjà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Sẹ́nsè tẹ́ fóòmù sí yàrá, ó bẹ Láwùmí pé kó wá jókòó lé òun láyà. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀ṣẹ́ á ṣe lọ láti ìsàlẹ̀. Láwùmí jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, kì í sì í ṣe obìnrin tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ó so ìró rẹ̀ le, ó jókòó.

Sẹ́nsè fẹ́ fa ìgbúnwọ́ sẹ́yìn kó lè ju ẹ̀ṣẹ́, ìgbúnwọ́ ko fóòmù. Ó fẹ́ yí ìdí kí agbára lè wọ ọwọ́, ìdí kò yí, Láwùmí wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń fọ́ pákó wá kan Láwùmí léjìká bí ẹni ń gbọn eruku aṣọ. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ gbá kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ife ìgbéyàwó wọn já lulẹ̀.

"Bàbá Ẹwà," Láwùmí ní, "ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Èémí ò jẹ́ kí Sẹ́nsè fèsì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu fóòmù: pá, pá, pá.

"Kí lẹ ń lù ú sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé kó o dìde!"

"Ẹn-ẹ́n." Láwùmí dìde, ó ń ṣa àfọ́kù ife. "Ẹ yáa lọ bẹ John nígbà náà, kó má jókòó lé yín o. Èmi tí mi ò jẹun yó lẹ ò lè ṣí nídìí yìí."

Ẹ̀rù ba Sẹ́nsè. Mo sọ ọ́ tán, ẹ̀rù bà á gan-an. Bí wọ́n bá gba gbọ̀ngàn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ta ló ń gba ọkùnrin síṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ nítorí pé ó lè ta pákó nípàá? Ó pinnu pé kí òun má jẹ́ kí ìjà dé ilẹ̀ rárá ni ọ̀nà àbáyọ. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ju ẹsẹ̀ títí itan fi ń gbọ̀n.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún, fèrèsé kún, àwọn ọmọ Yunifásítì gun orí ara wọn bí iṣu inú àká. "Sẹ́nsè, finish am!" ni àwọn kan ń ké. "John, carry am go ground!" ni àwọn ọ̀dàlẹ̀ ń dá wọn lóhùn. Láwùmí jókòó síwájú, ó ká ọwọ́ lé àyà. Alhaji dé pẹ̀lú agbádá àti fèrè kan tó yá lọ́wọ́ tíṣà eré ìdárayá. Ó kọ́kọ́ sọ ìtàn ará Òkèhò. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Nígbà tó dé "gbìì", ó fọn fèrè.

Sẹ́nsè fò sókè, ó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún. John bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gba fìlà lórí Alhaji. Sẹ́nsè ju ẹ̀ṣẹ́, èyí ba John léjìká, John fà sẹ́yìn. Ariwo sọ. Inú Sẹ́nsè dùn. Ṣé ìjà tí òun ò tìtorí rẹ̀ sùn nìyí? Ló bá sún mọ́ ọn kó lè parí rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni John di aṣọ rẹ̀ mú lápá méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ kan gún un níbàdí, ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án. Sẹ́nsè wó tẹ̀lé e, ó bọ́ sáàárín itan rẹ̀.

Fèrè dún fẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́. "Ó parí!" Alhaji ké. "Adéróunmú ti dá a! Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀!"

"Kí ló parí?" John ń pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni!"

Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Gbogbo gbọ̀ngàn ti ń fò. Sẹ́nsè gbọ́ fèrè, ì bá sì dìde bí ọmọlúàbí, àmọ́ John kò jẹ́. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ kan, John fà á mọ́ra, ẹ̀ṣẹ́ kan fóòmù. Ó ju ìkejì, òun náà kan fóòmù. Apá John ti gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀, itan méjèèjì sì ti há a níhàá. Èémí já. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ohun ìkẹyìn tó rí ni ẹkùn ara ògiri, ewúrẹ́ sì ni lóòótọ́. Ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀: pá, pá, pá.

John jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń lu ilẹ̀!" ẹnì kan ké lójú fèrèsé. "Ayọ̀ ti gun Sẹ́nsè!" Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń lu ògiri, wọ́n ń lu ilẹ̀kùn, pá, pá, pá, bí ẹni ń ṣe ìsìn. John dìde, ó na ọwọ́ kan sókè pé òun ló borí. Alhaji ti ọwọ́ náà wálẹ̀, ó gbé ti Sẹ́nsè sókè.

"Alhaji, mo mọ̀ọ́mọ̀ dùbúlẹ̀ ni!"

"Ta ní í mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú?" Alhaji ní. "Bí gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá ṣe ń sọ nìyẹn. Ohun tí ará Òkèhò náà sọ nìyẹn. Lọ kó ẹrù rẹ."

Àwọn ọmọ gbé Sẹ́nsè sí èjìká. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀fun rẹ̀ kò gbé e jáde. Ẹ má rò pé ọ̀fun nìkan ni o. Bí wọ́n ṣe ń gbé e yí gbọ̀ngàn ká, ó ń wo ògiri tó kùn, ó ń wo ilẹ̀ tó fọ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé rẹfirí ti dájọ́, kí ló kàn án. Nígbà tí wọ́n gbé e kọjá lọ́dọ̀ John, John tó ń ká fóòmù gbójú sókè. "Ẹ ti lu ilẹ̀, Sẹ́nsè," ó ní, kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ̀yin náà mọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Láwùmí gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀. Sẹ́nsè bu òkèlè, ó fi sẹ́nu, ó di ojú kó tó lè gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?"

"Rárá o. Ata yẹn ló pọ̀."

"Ilá ni mo sè, Bàbá Ẹwà, mi ò rí ata rà." Láwùmí ń wò ó. "Ọkùnrin tó borí ń gbé ilá mì bí ẹni ń gbé ẹ̀gún mì. Ẹ kú oríire o." Ó kó àwo, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Obìnrin yẹn nìkan ló mọ ohun tí pá, pá, pá túmọ̀ sí nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí àwọn tó jà. Ojú ti Sẹ́nsè ju bí wọ́n ṣe fún un lọ́rùn lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ọ̀dọ̀ Alhaji lọ tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Alhaji, John ló borí. Mo lu ilẹ̀."

"Mo rí ọ. Ayọ̀ ni."

"Kì í ṣe ayọ̀, sà. Ẹ̀mí ló fẹ́ bọ́. Ó ti fún mi lọ́rùn."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ẹni tó wà lókè, kí ẹni tó wà nílẹ̀ fún un lọ́rùn? Adéróunmú, ṣé orí rẹ pé? Mo dájọ́ níwájú gbogbo Àgbowó. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa ní èmi Sùlàímọ́nù, ọmọ Ìsẹ́yìn, mi ò mọ ẹni tó ṣubú mọ́?"

Ó ti sọ òótọ́, wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbọn ìdí rẹ̀ nù kó máa lọ sílé, kí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì máa sùn. Sẹ́nsè náà ti dìde. Àmọ́ láti ẹnu ọ̀nà Alhaji, ó rí John níwájú ilé tó ń di fóòmù sórí takisí, okùn kò tó, fóòmù kan ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀, ó ń gbé e padà, ó tún ń yọ́.

"Alhaji, èmi ni mo ni gbọ̀ngàn, àbí?"

"Ìwọ ni."

"Mo lè lò ó bó bá ṣe wù mí?"

"Bó o bá fẹ́ sin adìẹ níbẹ̀, kò kàn mí."

Sẹ́nsè bọ́ síta, ó gbá fóòmù tó ń yọ́ náà mú kó tó dé inú gọ́tà. "Kó wọn padà wọlé," ó sọ fún John.

"Kí n wá fi ṣe kí ni?"

Sẹ́nsè wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo dẹ́rẹ́bà takisí tó na etí. "Kó o wá kọ́ mi," ó ní. Mo mọ ọkùnrin tó lè bí ọmọ kó tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sẹ́nsè tú bẹ́líìtì dúdú tí ọ̀gá ń so, ó yá funfun, ti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, lọ́wọ́ ọmọ kan, ó so ó, kò fẹ́ẹ̀ tó o yíká. Ó lọ dúró sí ìparí ìlà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, Sẹ́nsè wò ó, ẹ̀rín gbẹ. Nígbà tó yá, John jókòó lé e láyà níbi tí Láwùmí ti jókòó, àmọ́ John kì í ṣe Láwùmí, ó tún di ọwọ́ Sẹ́nsè mú. Sẹ́nsè ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ lábẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

Ìgbà yẹn ni Alhaji mú àlejò kan láti Ìsẹ́yìn wọlé, kó lè fi akọni tó borí hàn án. Ó rí akọni nílẹ̀.

"Adéróunmú!" Alhaji ké. Ó ti ń wá fèrè nínú àpò agbádá, nítorí kò tíì dá a padà fún olówó rẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ kanlẹ̀! O ti ṣubú! Ta ló wá ni gbọ̀ngàn báyìí?"

Ọmọ Yunifásítì kan ti ń wo ẹkùn ara ògiri bí ẹni ń dágbére fún un. Sẹ́nsè náà gbọ́ ìbéèrè yẹn dé eegun, ẹ̀rù Sátidé sì padà wá bá a. Àmọ́ kò dìde. "Alhaji," ó ní láti ìsàlẹ̀, "ẹ fún wa láyè díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

John na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀. Sẹ́nsè kò ju ẹ̀ṣẹ́, ó ti mọ̀ pé fóòmù ló máa kàn. Ó di ọwọ́ aṣọ John mú, ó sì fa ọwọ́ náà wá sí ìbàdí ara rẹ̀, bó ṣe ti ń fà á lórí ìdúró láti ọdún mẹ́jọ láìmọ ìdí. John kò ní ọwọ́ tó máa fi ti ilẹ̀ mọ́. Sẹ́nsè gbé ìdí sókè, ó yí, John ré kọjá bí àpò sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kanlẹ̀, gbìì!

"Sẹ́nsè!" Nimotallahi fò sókè. "Ọwọ́ tó ń padà wá sí ìbàdí! Ẹ wò ó! Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn! Púṣọ́ọ̀pù mi dà?"

John ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀. Sẹ́nsè ń wo ìkúùkù ara rẹ̀ tó wà níbàdí bí ẹni tó rí nǹkan tó ti sọ nù he.

Alhaji ti fi fèrè sẹ́nu. Ó wo ẹ̀yìn John tó wà nílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ John tó tún ti ń dì mọ́ Sẹ́nsè níbàdí, ó wo àlejò rẹ̀. Kò fọn ọ́n. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ máa bá a lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ n rí ibi tó ń lọ."